Èdè Mélòó Ni Ọmọ Yìí Gbé Wọ Kíláàsì?

Lójú ọ̀nà tó gba Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ẹ ò lè rí kíláàsì JSS 1 kan tó jẹ́ pé èdè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Basic Science ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, láti JSS 1 dé JSS 3. Ọmọ Ògù ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Ẹ̀gùn. Ògù ni àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn, òun náà ni màá máa lò. Ọmọ Àwórì wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò tí bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wà níbẹ̀, ọmọ Haúsá náà ò gbẹ́yìn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti ka ìwé lédè Faransé dé CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin kí òbí wọn tó kó wọn sọdá bọ́dà. Ọmọ tó gbọ́ èdè mẹ́ta kì í ṣe ohun ìyanu lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó gbọ́ mẹ́rin náà wà.

Síbẹ̀, tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọlé ní sáà àkọ́kọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi ara wa ní yàrá olùkọ́: "Ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Tí kò bá gbọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Olódo ni. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ni pé ká yí ìbéèrè náà padà. Ohun tí ọmọ ní ló yẹ ká kọ́kọ́ wádìí, kó tó kan ohun tí kò ní. Mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sígbà tí èyí ṣe pàtàkì tó ọdún mẹ́ta JSS, nígbà tí ọmọ wà láàárín ọdún 11 sí 14, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ojú gbogbo wa kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìjọba ṣe ń bá ọ̀rọ̀ èdè bọ̀. Láti 1977 tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ àpapọ̀ ti kọ́kọ́ jáde, wọ́n ní kí olùkọ́ fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò tó bá yá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sí àkókò náà. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba fọwọ́ sí ìlànà mìíràn tó sún un dé ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé èyí náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ni ó fi ṣe àwíjàre. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́fà, ká má tilẹ̀ lò ó rárá: orí ọmọ kékeré ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ń dá lé. Ọmọ tó bá ti wọ ọdún keje nílé-ẹ̀kọ́, ìyẹn JSS 1, a ti gbà pé ọ̀rọ̀ èdè ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwa tá à ń rí i lójoojúmọ́ mọ̀ pé kò tíì kúrò.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé èdè abínibí ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá níbí la ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, tí ayé sì gbọ́ èsì rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ìgbé-ayé àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tó kúrò lórí Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó lo ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn tó fẹ́ràn èdè wa kì í sábà sọ. Nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ yẹn, wọn ò pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Wọ́n yan olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú láti máa kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè, lọ́tọ̀, láti ọdún kìíní. Nítorí náà, ìmọ̀ ń wọ orí àwọn ọmọ náà gba ojú ọ̀nà tó là, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń wọlé gba ojú ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé girama, ohun tí wọn yóò sọ ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ọ́ ló kù kí wọ́n máa wá.

Ọmọ Ògù tó ń bọ̀ wá bá mi kò rí irú èyí. Ní ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lágbègbè wa, Yorùbá ni èdè àdúgbò tí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nílé wọn. Kò tíì gbọ́ Yorùbá tán tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á. Ọ̀mọ̀wé Jim Cummins ní Kánádà ti ṣàlàyé láti ìparí àwọn ọdún 1970 pé èdè tí ọmọ fi ń ṣeré àti èdè tí ọmọ fi ń kàwé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó lè tó bí ọdún méjì kí ọmọ tó lè fi èdè tuntun bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Kó tó lè fi kàwé bíi ti àwọn tó bá èdè náà dàgbà, ó lè gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ fún ní Primary 4 ti lo ọdún mẹ́ta péré nígbà tó bá wọ JSS 1. Nígbà tó bá fi máa jókòó ṣe ìdánwò BECE ní ìparí JSS 3, ọdún mẹ́fà ni. Ọdún mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ wa yìí ni iṣẹ́ náà yóò parí tàbí kó bàjẹ́. À ń fi ojú pé ó ti gbọ́ ọ tán kọ́ ọ, nítorí pé ó lè sọ "Good morning, Ma" láìkọsẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún yí padà tí ọmọ bá wọ JSS. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ló ń bá a gbé látàárọ̀ dọ̀sán. Olùkọ́ yẹn mọ̀ ọ́n, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ìgbà tó dákẹ́ nítorí pé kò gbọ́ àti ìgbà tó dákẹ́ nítorí pé ebi ń pa á. Lọ́dọ̀ tiwa, tíṣà kan á wọlé, á ṣe ogójì ìṣẹ́jú, á jáde, òmíràn á wọlé. Kò sẹ́ni tó ń rí odindi ọmọ. Ọmọ tó ti Àjàṣẹ́ dé á jókòó bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́dọ̀ mi, bí agogo French bá sì lù, òun ni yóò máa ran tíṣà lọ́wọ́. Tíṣà French rò pé òye rẹ̀ jí pépé. Èmi rò pé orí rẹ̀ kú. Àwa méjèèjì kì í sì í jókòó sọ ọ́.

Ìtìjú náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ máa ń sọ Ògù láàárín ọjà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Tó bá di ọmọ ọdún 12, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti mọ̀ pé wọ́n á sín òun jẹ. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé ní ẹnu géètì, bí ìyá rẹ̀ bá fi Ògù pè é, Yorùbá ni yóò fi dáhùn, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa gbọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sì ń kọ́ wọn nírú ìtìjú yìí. "Vernacular" ni mọ́nítọ̀ máa ń kọ sí orí ìwé, tí á wá to orúkọ àwọn tó sọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀. Ní ìhà kejì bọ́dà, nígbà ìjọba Faransé, nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí yóò máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Ìjọba méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jọ ara wọn, àmọ́ lórí èyí, ìyá kan náà ló bí wọn.

Ó wá yẹ kí n sọ èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an. A máa ń ké pé Gẹ̀ẹ́sì ń pa èdè wa, òótọ́ sì ni. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin láti dáàbò bo èdè Yorùbá àti láti gbé e lárugẹ, tó sọ ọ́ di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì, Yorùbá ni èdè ńlá, Ògù ni èdè kékeré. Ìlú yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1843. Títí di òní, èdè àwọn onílẹ̀ kò sí lórí táìmù-tébù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń gbọ́ tí ọmọ Yorùbá ń fi ọmọ Ògù ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè pe "ṣ", pé "s" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ará Ìbàdàn tó sọ pé òun fẹ́ jẹ "isu" ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ pé òun náà kò mọ̀wé. Ohun tí ọmọ Ògù gbé wá tí ọmọ Yorùbá kò ní, kò sẹ́ni tó ń kà á sí: "v" àti "z" wà nínú èdè tirẹ̀ láti ilé. Nígbà tí ọmọ tèmi ń sọ pé "fẹ́rì gúùdù", tó ń pe "zebra" ní "síbírà", ọmọ Ògù ti pè é délẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé.

Nísinsìnyí, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, kí n tó kọ ohunkóhun sójú bọ́ọ̀dù, mo máa ń pín bébà fún wọn. Mi ò bi wọ́n pé "Kí ni èdè abínibí rẹ?" Ìbéèrè yẹn máa ń mú kí ọmọ yan ọ̀kan, kó sì fi èyí tó kù pamọ́. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: Èdè wo lo fi ń bá àbúrò rẹ jà? Èdè wo lo fi ń ka owó? Èwo lo fi ń gbàdúrà? Èwo lo lè kà jáde láti inú ìwé? Ìdáhùn wọn kì í dọ́gba. Ọmọ kan á bá àbúrò rẹ̀ jà ní Ògù, á ka owó ní Yorùbá, á ka ìwé ní Faransé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Sẹ̀lẹ́, ìjọ tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tí orin Ògù àti ti Yorùbá jọ ń jáde nínú ìsìn kan náà. Ọmọ tó sọ fún mi pé òun kò mọ Yorùbá dáadáa lè kọ orin oríṣiríṣi ní Yorùbá láìṣì í. Ẹni tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Sẹ̀mẹ̀ lè sọ iye tí sẹ́fà kan, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, jẹ́ ní náírà kí n tó yọ fóònù mi jáde. Bí tíṣà ìṣirò bá wá kọ "ratio" sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ yìí kan náà á wo bọ́ọ̀dù sùn-ùn bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo ti gbìyànjú ni èyí: kí àwọn ọmọ fi èdè tó bá wù wọ́n sọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, kó tó di pé wọ́n á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń kó wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó kéré tán ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ èdè méjì nínú àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Àpẹẹrẹ kan rèé. À ń kọ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń jẹ ẹ̀dá, èyí tí ìwé ń pè ní "food chain". Koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àṣá: ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, ojú wọn gbẹ. Mo wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú èyí tí wọ́n ti fojú rí wá. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà, ọmọ apẹja, tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí yàtọ̀ sí "Present, Ma". Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tó ń fi Ògù ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ "àkájà" nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í gbọ́ Ògù àti Yorùbá, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwa yòókù.

Ẹni tí kò bá mọ àkájà: ẹ̀ka igi ni àwọn apẹja máa ń rì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, wọ́n á tò ó pọ̀ bí igbó. Ó wọ́pọ̀ gan-an ní ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ní adágún Nokoué níwájú Kútọnu. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, nǹkan tútù tó ń yọ̀ á hù bò ó. Ẹja wẹẹrẹ á wá jẹ nǹkan tútù náà, wọ́n á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹja ńlá á tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tó bá yá, àwọn apẹja á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á kó ẹja. Gbogbo èyí ni ọmọ yìí sọ létòlétò. Ó tún sọ ohun tí ìwé wa kò sọ rárá: pé bí wọ́n bá kó ẹja wẹẹrẹ tán, àwọn ńlá kò ní wá mọ́, pé ìdí nìyẹn tí bàbá òun kì í fi jẹ́ kí wọ́n tètè tú u.

A jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù. "Branches" wà lẹ́nu ẹnì kan. "Algae" ni mo fún wọn. "Small fish", "big fish", "fisherman" kò le. Mo ní kí ọmọ náà wá yà á. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn mẹ́ta tirẹ̀. Tirẹ̀ ní àṣìṣe ní gbogbo ìlà. Sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ kò ní ẹyọ kan.

Ìyẹn ló mú mi yí bí mo ṣe ń máàkì padà. Ohun tí ọmọ mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì ni mo ń fi bírò pupa fún ní máàkì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni mo ń fi pẹ́ńsùlù tọ́ka sí, láìyọ máàkì kankan kúrò, àṣìṣe méjì péré lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá ń ṣe lemọ́lemọ́. Ọmọ tó kọ pé "The water it is going up because sun is hot it" mọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá fún un ní òdo, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pe obìnrin ní "he", torí pé Ògù àti Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo níbẹ̀ yẹn. Kí ni ìyẹn kàn pẹ̀lú ìmọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró?

Àwọn ọmọ tó ti Benin dé ní ìyọnu tiwọn tí ojú kì í tètè rí. Kọ́mà ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ń lo póìǹtì: 3,5 lọ́dọ̀ tiwọn ni 3.5 lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ń fa ìlà sí àárín 7. Bí wọ́n bá ń pín nọ́ńbà gígùn, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbé èyí tí wọ́n fi ń pín sí, èsì á wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ìwé ìṣirò ọmọ kan tí àgbélébùú pupa kún inú rẹ̀, tó jẹ́ pé gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló tọ̀nà. Èyí kò nílò owó, kò nílò ìlànà ìjọba. Kí tíṣà kan jókòó ti ọmọ náà ní ìdajì wákàtí kó fi ìyàtọ̀ hàn án, ó parí. Àwa náà sì lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Bí tíṣà French bá ń ṣàlàyé ìdí tí 80 fi jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin lédè Faransé, ọmọ Yorùbá tó mọ ọgọ́rin kò yẹ kó yà á lẹ́nu. Ogún mẹ́rin náà ni. Ẹ sọ fún un, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ á ṣe là.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àwáwí, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní tí a bá gbà wọ́n láyè, òfófó ni wọ́n á máa ṣe. Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré pẹ̀lú ohun kan pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lópin rẹ̀, tí mi ò sì ní sọ ẹni tí yóò kà á tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ Ògù. Èmi náà, ìwọ̀nba kíkí àti ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbọ́. Kò pọn dandan kí n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń ronú, àwọn ló sì ń túmọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní ọmọ Haúsá kan ṣoṣo tó wà nínú kíláàsì ńkọ́, tí kò ní ẹnìkejì? Èyí ló le jù. Mo máa ń ní kó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní Haúsá ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló lè kà á, kó tó gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Google Translate ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ ní Haúsá. Ní 2024 wọ́n fi èdè Fọ̀n kún un, ó sì sún mọ́ Ògù, àmọ́ mi ò lè gbára lé e. Àwọn ọmọ ló máa ń tún un ṣe fún mi, inú wọn a sì máa dùn láti ṣe é.

Àwáwí tó lágbára jù lọ ni ti ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì ni BECE, Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC, ẹni tí kò bá sì ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì ti di àlá fún un. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó gbọ́n tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ká kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ká yéé rò pé afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e wọ inú wọn. Nínú kíláàsì mi, mo máa ń kọ egungun gbólóhùn sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù: "If …, then …, because …". "As … increases, … decreases". Àwọn ọmọ ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí "oxygen" kì í yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí pé tuntun ni fún gbogbo wọn. Èyí tó ń gbé wọn ṣubú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀: "work", "power", "matter". Ìyá tó dúró sójú kan pẹ̀lú agbada ẹja lórí fún wákàtí kan, ìwé ní kò ṣe "work" kankan. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ rẹ̀. Ó yẹ ká dúró síbẹ̀, ká jẹ́ kí wọ́n bínú sí i, ká wá ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí ló máa ń rìn jìnnà jù nínú mi. Lẹ́yìn ìpàdé PTA, ìyá kan dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní, "Anti, wọ́n ní ká máa sọ òyìnbó sí wọn nílé. Mi ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n kúkú máa dákẹ́?" Mo mú un lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dákẹ́. Èdè tí ẹ lè fi pa àlọ́ fún un, tí ẹ lè fi bá a wí, tí ẹ lè fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ẹja kó má bàjẹ́, òun ni kí ẹ máa sọ sí i. Ẹ bi í lálaalẹ́ pé kí ló kọ́ lónìí, kó fi Ògù sọ ọ́ fún yín. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé e nìyẹn." Ọ̀pọ̀ òbí lọ́dọ̀ wa ti gba irú ìmọ̀ràn burúkú yìí lẹ́nu àwa olùkọ́, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì jákujàku tọ́ ọmọ. Ìyá á wá ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré tó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ, ní àkókò tí ọmọ náà ń bàlágà, tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe kókó fún un jù lọ. Ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ púpọ̀.

Èmi àti tíṣà Yorùbá wa ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Bó bá kan àlọ́ àti òwe ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ọmọ Ògù mú ti ilé wọn wá, kí wọ́n pa á ní Ògù, kí wọ́n wá jọ gbé e sí Yorùbá. Ó sọ fún mi pé àmì ohùn tètè ń yé àwọn ọmọ Ògù, nítorí pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà nínú èdè tiwọn náà.

Fún àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀, mo ti bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n fi ìlà mẹ́ta kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ JSS 1, kí gbogbo tíṣà sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ kejì sáà tó pé. Èkíní: àwọn èdè wo ni ọmọ yìí gbọ́, èwo nínú wọn ló lè kà? Èkejì: èdè wo ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń bọ̀, dé kíláàsì wo? Ẹ̀kẹta: ta ló wà nílé tó lè gbọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ní èdè wo? Kò ju ìdajì ojú ìwé lọ. Bí ẹ bá ń kọ́ JSS níbikíbi, ẹ mú un lò bó ṣe wà. Bí ẹ bá sì ti ń lo èyí tó sàn jù ú lọ, pàápàá fún ọmọ tó dá wà nínú èdè tirẹ̀ ní kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí sáà tuntun tó wọlé.